Orin ló ṣáájú kámẹ́rà: àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ya Les Demoiselles de Rochefort

Ní ìgbà ooru ọdún 1966, Jacques Demy, olùdarí fíìmù ará Faransé, kó àwọn òṣèré, oníjó àti òṣìṣẹ́ kámẹ́rà wọ Rochefort, ìlú kékeré kan ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, létí odò Charente, níbi tí odò náà ti súnmọ́ òkun Àtìláńtíìkì. Fíìmù tó wá yà níbẹ̀, Les Demoiselles de Rochefort, jáde ní oṣù kẹta ọdún 1967. Fíìmù ìfẹ́ ni, ẹ̀rín wà nínú rẹ̀, orin àti ijó ló sì gbé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Demy kò kọ́ ìlú àtọwọ́dá sínú ilé ìyafíìmù bí Hollywood ti sábà máa ń ṣe fún irú iṣẹ́ báyìí. Ìlú tí èèyàn ń gbé, tí wọ́n ń tajà, tí ọmọ ń lọ sílé ìwé níbẹ̀, ló fẹ́ kó jó.

Bí fíìmù náà ṣe fúyẹ́ lójú tó, iṣẹ́ tó wà nídìí rẹ̀ wúwo gan-an. Ohun tó sì jẹ́ kí iṣẹ́ náà dúró ni ètò tí wọ́n fi tò ó: orin ti parí pátápátá kí kámẹ́rà tó dé ìlú. Ọ̀dà tí wọ́n fi kun ilé, ìṣísẹ̀ oníjó, ibi tí òṣèré ti ń mí, gbogbo rẹ̀ ló ń tẹ̀lé orin yẹn. Ibi tí fíìmù náà ti gún jù ni ibi tí wọ́n ti pa ètò yìí mọ́. Ibi tó ti wọ́, ètò yìí ló já níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ìtàn náà. Àárọ̀ Ẹtì ló bẹ̀rẹ̀, àárọ̀ Ajé ló parí. Delphine ń kọ́ ọmọdé níjó. Solange, ìbejì rẹ̀, ń kọ́ wọn lórin, ó sì ń kọ concerto tirẹ̀ lọ́wọ́, ìyẹn orin gígùn tí wọ́n ń fi ohun èlò lù. Ìlú ti há mọ́ àwọn méjèèjì, Paris ni wọ́n ń wò. Yvonne, ìyá wọn, ní kafé kan ní Place Colbert, gbàgede àárín ìlú, ibẹ̀ sì ni gbogbo ẹni tó bá wọ ìlú ń yà sí. Nígbà kan rí, Yvonne fẹ́ràn ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Simon Dame, ṣùgbọ́n ó sá fún un, nítorí bí ó bá fẹ́ ẹ, Madame Dame ni aráyé yóò máa pè é, ìyẹn Ìyáàfin Ìyáàfin. Ó purọ́ fún un pé òun ń bá àjèjì kan lọ sí Mẹ́síkò. Simon ti wá padà sí Rochefort, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù ohun èlò orin, kò sì mọ̀ pé Yvonne wà nítòsí. Bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ pé Boubou, ọmọkùnrin kékeré tí Yvonne ń tọ́, ọmọ bíbí inú òun ni.

Ti Delphine tún ní ọ̀nà tirẹ̀. Maxence, ọmọ ogun ojú omi tó ń yàwòrán, ti ya obìnrin tó ń rí lọ́kàn rẹ̀, tí kò tíì fojú kàn rí. Àwòrán náà wà lára ògiri ilé àfihàn kan nínú ìlú, Delphine wọlé, ó rí ojú ara rẹ̀ níbẹ̀, ó sì béèrè ẹni tó yà á. Ọkùnrin tó ni ilé àfihàn náà ń fẹ́ Delphine fúnra rẹ̀, kò sì ní jẹ́ kó rí ẹni náà. Solange ní tirẹ̀ kọ lu Andy, akọrin ará Amẹ́ríkà, níbi tó ti lọ mú Boubou nílé ìwé. Ìwé orin concerto rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, Andy mú un lọ. Ọ̀rẹ́ Simon ni Andy, òun gan-an sì ni Simon ti ṣèlérí pé òun yóò bá Solange kọ̀wé sí.

Tọkọtaya mẹ́ta, ìlú kan, wọn ò pàdé. Gbogbo adùn fíìmù náà ló wà nínú pé òǹwòran mọ ohun tí àwọn tó wà nínú ìtàn kò mọ̀. Maxence á jáde ní kafé, Delphine á wọlé. Ìṣòro irú ìtàn yìí ni pé bí o bá fi ọ̀rọ̀ ẹnu sọ ọ́ fún òǹwòran pé èyí ni ọkọ èyí, ó ti tán, kò dùn mọ́. Bí o kò bá sì sọ ọ́ rárá, kò ní mọ ẹni tí òun ń retí pé kó pàdé ta ni. Ọ̀nà tí Demy àti Michel Legrand, tó ṣe ohùn orin fíìmù náà, gbà yanjú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ya fíìmù orin mọ̀ bí ẹni mowó. Wọ́n fún tọkọtaya kọ̀ọ̀kan ní ohùn orin kan ṣoṣo. Ohùn orin tí Maxence fi kọrin nípa obìnrin tó ń wá ni Delphine náà fi kọrin nípa ọkùnrin tí kò tíì rí, ọ̀rọ̀ nìkan ló yàtọ̀. Ohùn tí Simon fi sọ bí obìnrin rẹ̀ ṣe fi í sílẹ̀ ni Yvonne fi sọ bí òun ṣe sá lọ. Concerto tí Solange ń kọ ló wà lẹ́nu Andy lẹ́yìn tó ti mú ìwé náà. Etí òǹwòran ti so wọ́n pọ̀ kí ojú tó rí wọn papọ̀.

Ìdí nìyí tí orin fi gbọ́dọ̀ parí ṣáájú. Demy ló kọ ọ̀rọ̀ orin, Legrand ló fi ohùn sí i, àwọn méjèèjì sì ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú Les Parapluies de Cherbourg, fíìmù tó gba ẹ̀bùn tó ga jù ní àjọ̀dún fíìmù Cannes lọ́dún 1964, níbi tí wọ́n ti fi orin sọ gbogbo ọ̀rọ̀ láìku ẹyọ kan. Rochefort le ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu, orin àti ijó gbọ́dọ̀ máa yí padà síra wọn láìjẹ́ kí ojú òǹwòran kọsẹ̀. Ó dé orí pé níbi tí wọ́n ti jókòó jẹun alẹ́ ní kafé Yvonne, ewì oníwọ̀n ni gbogbo wọn ń sọ, sílébù 12 ní ìlà kan, bí ti eré orí ìtàgé Faransé àtijọ́. Kò sí orin níbẹ̀ rárá, síbẹ̀ etí ṣì ń gbọ́ ìwọ̀n.

Ní ti ìlú, Rochefort kì í ṣe ìlú tó dàgbà fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọdún 1666 ni wọ́n dá a sílẹ̀ lábẹ́ Ọba Louis Kẹrìnlá, pẹ̀lú àṣẹ Colbert, mínísítà rẹ̀, kí ó lè jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ogun. Nítorí náà òpópónà rẹ̀ gún régé, wọ́n sì ń gé ara wọn ní igun tó ṣe déédéé. Fún fíìmù tí ìtàn rẹ̀ jẹ́ ká-fẹ́rẹ̀ẹ́-pàdé, ẹ̀bùn ni. Ẹnì kan lè yà ní kọ̀rọ̀ bí ẹnì kejì ṣe ń yọ ní kọ̀rọ̀ kejì, kámẹ́rà tó dúró lójú kan yóò sì rí àwọn méjèèjì. Oníjó tó wà lọ́ọ̀ọ́kán nínú òpópónà tó gún yóò hàn kedere lẹ́yìn òṣèré tó wà níwájú. Ṣùgbọ́n òkúta tí wọ́n fi kọ́ ìlú náà rẹ̀ lójú, àwọ̀ rẹ̀ sì ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì.

Bernard Evein, tó ti mọ Demy láti ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Nantes, ni wọ́n fa ìṣòro yẹn lé lọ́wọ́. Ó kun ìlú. Iye tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń dárúkọ ni 40,000 mítà onígun mẹ́rin ojú ògiri, pẹ̀lú nǹkan bí 1,000 ìlẹ̀kùn fèrèsé tí wọ́n kùn ní àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, àwọ̀ òféèfé, àwọ̀ ìyeyè àti àwọn àwọ̀ tútù mìíràn. Ẹni tó bá ra ọ̀dà rí yóò mọ ohun tí iye yìí túmọ̀ sí. Bí lítà kan bá kun mítà onígun mẹ́rin 10, tí o sì kùn ún lẹ́ẹ̀mejì kí ògiri àtijọ́ má baà yọjú, lítà 8,000 ló ń lọ sí 40,000. Kí ló dé tí wọn ò kan kun àwọn ilé tó wà lẹ́yìn òṣèré? Ojú àwòrán fíìmù náà ló fà á. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 2.35 gíga rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ń gbé ilé apá ọ̀tún àti apá òsì wọlé pọ̀ mọ́ èèyàn tó wà láàárín. Bí kámẹ́rà bá tún ń yí tẹ̀lé oníjó, ilé tí wọn ò kùn yóò yọ fìrí, irọ́ á sì já. Nínú òpópónà tó gún, ọ̀rọ̀ náà tún burú sí i, nítorí ojú ń lọ títí dé òpin rẹ̀.

Aṣọ náà tẹ̀lé ètò kan náà. Ẹni tó ń ṣètò aṣọ kò lè yan àwọ̀ kó tó mọ àwọ̀ tí ilé tí òṣèré yóò gba iwájú rẹ̀ kọjá yóò jẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, aṣọ á rì sínú ògiri. Wọ́n kọ́ kafé Yvonne sí gbàgede gẹ́gẹ́ bí ilé onídígí, kí ẹni tó wà nínú lè rí ẹni tó wà níta, kí òǹwòran sì lè rí méjèèjì. Iyàrá tí àwọn ìbejì ń gbé, inú ilé ìjọba ìlú tó kọjú sí gbàgede yẹn gan-an ni wọ́n ti ṣe é. Bí ẹnì kan bá ń jó nínú iyàrá, gbàgede gidi ló hàn lójú fèrèsé, kì í ṣe àwòrán tí wọ́n fi bo ògiri.

Ní ti ohùn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fíìmù orin tí wọ́n ń yà ní ìta ti ń bàjẹ́. Ọ̀nà tó wà ni pé kí a gba orin sílẹ̀ ní sítúdíò, kí a wá máa lù ú jáde nígbà tí òṣèré bá ń jó, kó máa jẹnu mọ́ ọn. Ó dà bí ohun tó rọrùn. Ẹ wá wo òpópónà. Ohùn ń rin nǹkan bí mítà 340 ní sẹ́kọ́ńdì kan. Oníjó tó dúró ní mítà 34 sí sípíkà yóò gbọ́ ìlù lẹ́yìn ìdá kan nínú mẹ́wàá sẹ́kọ́ńdì. Kámẹ́rà ń ya àwòrán 24 ní sẹ́kọ́ńdì kan, nítorí náà ẹsẹ̀ oníjó yẹn ti fi àwòrán 2 lé díẹ̀ pẹ́. Bí orin bá ń lọ ní ìlù 120 ní ìṣẹ́jú kan, àwòrán 12 péré ló wà láàárín ìlù kan àti èkejì. Pípẹ́ àwòrán 2 láàárín 12 kì í ṣe ohun tí ojú kì í rí. Òǹwòran lè má mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n yóò sọ pé àwọn tó wà lẹ́yìn yẹn kò mọ ijó jó.

Ògiri òkúta tún wà yí gbàgede ká. Ohùn tó bá lọ kọ lu ògiri tó wà ní mítà 50, tó sì padà, ti rin mítà 100, ìyẹn ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá sẹ́kọ́ńdì. Oníjó á wá máa gbọ́ ìlù méjì, kò ní mọ èyí tí yóò tẹ̀lé. Àtúnṣe rẹ̀ kì í ṣe pé kí a gbé ohùn sókè. Bí a bá gbé e sókè, èyí tó ń padà náà á lágbára sí i. Sípíkà kéékèèké púpọ̀ ni kí a tò súnmọ́ ẹgbẹ́ oníjó kọ̀ọ̀kan, kí a lù ú wọ́ọ́rọ́wọ́, kí àwọn tó wà lọ́ọ̀ọ́kán sì máa fi ojú gba ìwọ̀n lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kà á fún wọn lẹ́yìn kámẹ́rà. Ẹ̀rọ tó ń lu orin àti kámẹ́rà gbọ́dọ̀ rìn ní ìyára kan náà pẹ̀lú. Bí ọ̀kan bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún yára ju èkejì lọ, lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan ẹnu àti orin ti fi sẹ́kọ́ńdì 0.6 jìnnà síra, àwòrán 14 nìyẹn.

Lórí òṣèré fúnra rẹ̀, kò gbọdọ̀ kàn máa la ẹnu. Ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síta, pẹ̀lú agbára, bí ohùn rẹ̀ tilẹ̀ burú, nítorí ọrùn àti àyà ẹni tó ń kọrin ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tí ti ẹni tó ń jẹnu kò gbà ṣiṣẹ́. Ó sì gbọ́dọ̀ kọ́ ibi tí akọrin sítúdíò ti mí, kó mí níbẹ̀ gan-an. Ọ̀rọ̀ mímí yìí ni àwọn tó ń ya fíìmù máa ń gbàgbé jù.

Ní Rochefort ọ̀rọ̀ náà ṣe pàtàkì gan-an, nítorí nínú àwọn òṣèré ńlá tó wà níbẹ̀, Danielle Darrieux tó ṣe Yvonne nìkan ló fi ohùn ara rẹ̀ kọrin. Anne Germain ló kọrin fún Catherine Deneuve tó ṣe Delphine, Claude Parent ló kọ ti Françoise Dorléac tó ṣe Solange. Jacques Revaux, tó wà lára àwọn tó ṣe ohùn orin tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí My Way, ló kọ ti Jacques Perrin tó ṣe Maxence. Georges Blaness kọ ti Michel Piccoli tó ṣe Simon, Donald Burke kọ ti Gene Kelly tó ṣe Andy, Romuald kọ ti George Chakiris, José Bartel kọ ti Grover Dale. Bí wọ́n ṣe yan ohùn àwọn ìbejì gba ọgbọ́n: ohùn méjèèjì gbọ́dọ̀ jọra tó kí a gbà pé ìyá kan ló bí wọn, kó sì yàtọ̀ tó kí a mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Dorléac àti Deneuve, ọmọ ìyá ni wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ìbejì. Oṣù kẹta 1942 ni wọ́n bí Dorléac, oṣù kẹwàá 1943 ni wọ́n bí Deneuve. Nínú orin tí wọ́n fi sọ ẹni tí wọ́n jẹ́ fún wa, ibi kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń gbé àgbọ̀n sókè, ibi kan náà ni wọ́n ti ń mí. Àwọn tó ń kọrin wà ní sítúdíò, àwọn tó ń mí wà ní Rochefort, a kò sì rí ojú ibi tí wọ́n ti rán an pọ̀.

Norman Maen ló to ijó. Iṣẹ́ rẹ̀ tó dára jù, lójú tèmi, ni ti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ onípàtẹ àríyá dé létí Charente, níbi tí afárá kan wà tí kì í ṣe èyí tí mọ́tò ń gbà kọjá. Orí òpó gíga mítà 66 ni irin rẹ̀ wà, ó gùn ní mítà 175, wọ́n sì fi wáyà so pèpéle kan rọ̀ tó ń gbé ọkọ̀ àti èèyàn sọdá. Ọdún 1900 ni wọ́n ṣí i. Àyè kò tó lórí pèpéle yẹn, mọ́tò wà níbẹ̀, ẹṣin wà níbẹ̀. Oníjó kò lè fò síhìn-ín sọ́hùn-ún. Maen jẹ́ kí wọ́n kàn sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ bí ẹni tí ìrìn àjò ti rẹ̀, kí wọ́n na apá, kí wọ́n na ẹsẹ̀, kí wọ́n yí ọrùn. Nínanra yẹn di ìwọ̀n, ìwọ̀n di ijó, kí òǹwòran tó fura. Láti ìgbà yẹn lọ, ó ti gbà pé ẹnikẹ́ni nínú ìlú yìí lè jó nígbàkígbà.

Ibi tí kò ti dán mọ́rán wà. Nínú ijó ńláńlá ní gbàgede, àwọn tó wà lẹ́yìn kì í fi gbogbo ìgbà bá àwọn iwájú dọ́gba, pàápàá nígbà tí kámẹ́rà bá jìnnà. Bí Gene Kelly bá yọ, ìyàtọ̀ náà á tún hàn sí i, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í pẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í yá jù, ó sì ti lé ní 50 ọdún nígbà náà. Àwọn kan kò fẹ́ràn fíìmù náà nítorí èyí. Lójú tèmi, àbùkù náà kò pa á, nítorí ará ìlú ni àwọn tó ń jó nínú ìtàn náà, ará ìlú kì í sì í jó bí ẹgbẹ́ ọmọ ogun.

Àṣìṣe tó tóbi ju ìyẹn lọ ni ti ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ya fíìmù náà ní Faransé, wọ́n tún yà á ní Gẹ̀ẹ́sì, kó lè tà ní Amẹ́ríkà, ẹ̀dà náà kò sì rí ojú rere. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ìwọ̀n ọ̀rọ̀ Faransé ni Legrand gbé orin lé. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ èdè mìíràn sí i, ibi tí ohùn ti ń wúwo kò ní bá ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wúwo mu, mímí yóò bọ́ sí àárín ọ̀rọ̀, ewì sílébù 12 yẹn náà á sì tú.

Ohun mìíràn wà tí ẹni tó bá wo fíìmù náà lẹ́ẹ̀kan lè fojú fò. Ọmọ ogun ń wọ́de kọjá nínú ìlú lemọ́lemọ́. Ọ̀gbẹ́ni Dutrouz, àgbàlagbà pẹ̀lẹ́tù tó bá wọn jẹun alẹ́ ní kafé, òun ni wọ́n wá rí i pé ó pa obìnrin kan, tó gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Demy fi í sí ẹ̀gbẹ́, kò jẹ́ kó gba ìtàn. Ṣùgbọ́n láìsí i, àwọ̀ òféèfé àti orin á ti dùn jù, á ti súni.

Fíìmù náà wọ ìdíje Oscar fún orin rẹ̀, Legrand àti Demy ni wọ́n dárúkọ, ṣùgbọ́n kò gbà á. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1967, kò tíì pé oṣù mẹ́rin tí fíìmù jáde, ìjàm̀bá mọ́tò pa Françoise Dorléac nítòsí Nice, ó jẹ́ ẹni ọdún 25. Gbàgede iwájú ibùdó ọkọ̀ ojú irin Rochefort ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ báyìí. Afárá náà kò ṣiṣẹ́ pẹ́ lẹ́yìn fíìmù, ọdún 1967 ni afárá tuntun gba ipò rẹ̀, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wó o kí ìjọba tó sọ ọ́ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1976. Ó ṣì wà.

Lọ́dún 1996 ni wọ́n tún àwòrán àti àwọ̀ fíìmù náà ṣe, pẹ̀lú Agnès Varda, ìyàwó Demy, nídìí iṣẹ́ náà. Ẹ̀dà Faransé tí wọ́n tún ṣe yẹn ni kí ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ wá, kó máa ka ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn tó bá ti gbádùn rẹ̀ tán, kó padà síbi tí Yvonne ti kọrin ní kafé, kó pa ohùn mọ́, kó máa wo ọrùn Darrieux. Kó tún lọ síbi tí Delphine ti kọ ohùn orin Maxence, kó pa ohùn mọ́ níbẹ̀ náà, kó wo ọrùn Deneuve. Ọ̀kan ń kọrin, èkejì ń jẹnu mọ́ orin ẹlòmíì. Kó wá bi ara rẹ̀ bóyá òun lè sọ èwo ni èwo.